Ọwọ́ Ṣófo, Ọkàn Ńkọ́? Ohun Tó Yẹ Kí Awakọ̀ Mọ̀ Nípa Bluetooth, Síkírínì Àti Àwọn Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Inú Ọkọ̀

Ẹ wò ó báyìí ná. Ọkùnrin kan jókòó sídìí sítíárìn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bẹ́líìtì wà láyà rẹ̀, fóònù wà nínú àpò ṣòkòtò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá dá a dúró ní Ṣàgámù, kò ní rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀. Àmọ́ láti Berger ló ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì ni. Ohùn ìyàwó ń jáde nínú gbogbo sípíkà, ohùn tirẹ̀ náà ti ń ròkè. Tírélà tó wà níwájú ti tan iná bíréèkì. Ojú ọkùnrin yìí wà lára iná pupa náà gan-an. Ó ń wò ó, kò sì rí i.

Irú awakọ̀ báyìí kì í ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń lo fóònù lórí eré. Lójú tirẹ̀, àwọn tó fi èjìká há fóònù mọ́ etí ni oníwàhálà. Òun ti ra ọkọ̀ tó ní gbogbo nǹkan, ó ti so fóònù mọ́ ọn, ó ti bọ́ nínú ewu. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe sínú ọkọ̀ kí ọwọ́ lè ráyè kò gba ọkàn sílẹ̀, ó sì lè mú kí ènìyàn máa ṣe lórí eré ohun tí kò ní dán wò rárá tó bá jẹ́ pé fóònù ló dì mọ́wọ́.

Láti rédíò dé síkírínì

Nígbà tí Peugeot 504 ń jọba lójú ọ̀nà wa, ohun tó wà láyà ọkọ̀ kò ju rédíò, ihò kásẹ́ẹ̀tì àti bọ́tìnnì méjì mẹ́ta lọ. Dírẹ́bà lè fi ọwọ́ wá wọn lókùnkùn. Lónìí, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí kì í ṣe ti olówó ńlá pàápàá ń dé pẹ̀lú síkírínì. Ìdí kan ni pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ kéékèèké tuntun ní kámẹ́rà ẹ̀yìn, kámẹ́rà kò sì wúlò láìsí ibi tí àwòrán rẹ̀ máa hàn sí. Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá ní síkírínì lè gba Ládípọ̀ lọ ní Mushin. Rewáyà á yọ rédíò àtijọ́ kúrò, á sì gbé síkírínì Android tó fẹ̀ bíi síléètì ọmọ ilé ìwé sínú Corolla ọdún 2005 kí oòrùn tó wọ̀.

Inú síkírínì yìí ni ìpè wà, orin wà níbẹ̀, máàpù wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan AC. Apple CarPlay àti Android Auto ń gbé ojú fóònù wá sórí rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń wo fídíò níbẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, torí pé rewáyà ti bá wọn fi wáyà dọ́gbọ́n sí i kí fídíò má bàa máa kú tí ọkọ̀ bá ń rìn. Kò sí ìdí láti fi èyí sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹni tó ń wo fíìmù nídìí sítíárìn ń wá ikú, ó sì ń bá ẹlòmíràn wá a.

Ojú, ọwọ́ àti ọkàn

Nǹkan mẹ́ta ni ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀: ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún fóònù. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ìyẹn òdiwọ̀n tí òfin Nàìjíríà gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ti rin mítà bíi 140 láìwo iwájú. Pápá bọ́ọ̀lù kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa di ojú rẹ̀ kó ní kí ọkọ̀ máa sáré láti ilé gòólù kan dé ìkejì, kó sì tún kọjá síta?

Tó bá jẹ́ Bluetooth, ọwọ́ ti ráyè, ojú náà lè wà níwájú. Ọkàn ló kù. Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ méjì kan ní Kánádà, Donald Redelmeier àti Robert Tibshirani, gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìpè àwọn awakọ̀ tó ní ìjàǹbá ní Toronto wò, wọ́n sì rí i pé ewu ìjàǹbá ń di ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí awakọ̀ bá wà lórí fóònù. Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé wọn kò rí i pé àwọn tí fóònù wọn kò gba ọwọ́ sàn ju àwọn tó gbé e sétí lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà kì í bá a sọ̀rọ̀ ni? Ó ń bá a sọ ọ́, àmọ́ òun náà ń rí ọ̀nà. Bí ọ̀kadà bá já wọlé lójijì, òun fúnra rẹ̀ á dákẹ́, tàbí kó pariwo pé "Yéè! Ọ̀kadà!" Ẹni tó wà lórí fóònù ní Abẹ́òkúta kò rí ọ̀kadà kankan. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń retí èsì, bí èsì bá sì pẹ́ díẹ̀, á ní "Ṣé ò ń gbọ́ mi ṣá?" Awakọ̀ á wá máa wá ìdáhùn lásìkò tó yẹ kó máa wá bíréèkì.

Kì í ṣe gbogbo ìpè ló rí bákan náà o. "Mo ti dé Ọjọ́ọ̀, ẹ gbé omi kaná" kò jọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹbí ń jà sí, kò sì jọ ọ̀rọ̀ gbèsè. Àwọn àgbà mọ èyí tipẹ́ kí fóònù tó dé: wọn kì í sáré túfọ̀ fún ẹni tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní kó dé ná, kó jókòó, kó mu omi. Bí ìpè bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kí awakọ̀ sọ pé òun máa pè padà, kó sì gé e, bó ti wù kí Bluetooth náà dára tó.

Ìka lórí síkírínì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fóònù ọwọ́ ló burú jù, pé síkírínì tó wà lára ọkọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Ìdánwò tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìrìnnà TRL ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àwọn awakọ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lo CarPlay àti Android Auto bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, wọ́n sì ń wo bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan yí padà níwájú. Àwọn tó ń fi ìka tẹ CarPlay fi ìdá 57 nínú 100 lọ́ra sí i ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń wakọ̀ nìkan. Ti Android Auto jẹ́ ìdá 53. Nínú àwọn ìdánwò tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, ẹni tó di fóònù mọ́wọ́ fi ìdá 46 lọ́ra. Ẹni tó mu ọtí dé ibi tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mọ ńkọ́? Ìdá 12 péré ni.

Ẹ tún un kà. Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mutí wakọ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tí kò jẹ́ fẹnu kan ọtí kí wọ́n tó wakọ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn wá orin lórí síkírínì, wọn ò sì rò pé àwọn ń ṣe nǹkan kan.

Kí ló fà á? Bọ́tìnnì ní orí, ó ní ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń ro àmàlà kì í wo orógùn kó tó dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibẹ̀. Síkírínì ní tirẹ̀ tẹ́jú bíi gíláàsì fèrèsé, kò sí ohun tí ìka máa dì mú, ojú ni yóò máa júwe fún ọwọ́. Ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Vi Bilägare, dán èyí wò lọ́dún 2022. Wọ́n ní kí awakọ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́rin bíi yíyí rédíò àti AC padà lórí eré kìlómítà 110 ní wákàtí kan, ní pápá ọkọ̀ òfurufú kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Nínú Volvo V70 ọdún 2005, tó jẹ́ bọ́tìnnì ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló gbà, ọkọ̀ sì ti rin mítà 306. Nínú ọkọ̀ tuntun kan tó jẹ́ síkírínì, MG Marvel R, ìṣẹ́jú àáyá 44.6 ló gbà, ọkọ̀ ti rin mítà 1,372. Iṣẹ́ kan náà ni o. Ọkọ̀ ògbólógbòó ló borí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn aláṣẹ létí. Euro NCAP, àjọ tó ń fún ọkọ̀ ní ìràwọ̀ ààbò nílẹ̀ Yúróòpù, ti ní láti ọdún 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba ìràwọ̀ márùn-ún gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá gidi fún họ́ọ̀nù, wáípà, iná yíyà, iná pàjáwìrì àti ìpè SOS. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí àjọ ààbò ojú pópó wọn, NHTSA, gbé jáde lọ́dún 2013 sọ pé iṣẹ́ orí síkírínì kò gbọdọ̀ gba ojú awakọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ má sì ju 12 lọ. Awakọ̀ tiwa náà lè fi èyí ṣe òdiwọ̀n: ohun tí ẹ ò bá lè ṣe pẹ̀lú ìwò kan ṣoṣo tí kò pẹ́ ju kí ẹ ka "ení, èjì" lọ, ẹ dúró kí ẹ tó ṣe é.

Ohùn ńkọ́? Ohùn sàn ju ìka lọ. Nínú ìdánwò TRL kan náà, àwọn tó ń fi ohùn pàṣẹ fún CarPlay fi ìdá 36 lọ́ra, ti Android Auto sì jẹ́ ìdá 30. Ó dín kù, àmọ́ ẹ fi wé ti ọtí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Utah tó ṣiṣẹ́ fún AAA Foundation ní Amẹ́ríkà tún rí i lọ́dún 2015 pé lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tán, ọkàn rẹ̀ lè má tíì padà sójú ọ̀nà tán títí di ìṣẹ́jú àáyá 27. Tiwa tún wá ní àfikún: ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ orúkọ wa dáadáa. Ẹni tó ní kó pe Àdùkẹ́ lè rí i pé Duke ló ń wá kiri. Á tún un sọ, á pariwo sí i, inú á máa bí i. Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò gbọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó ṣí

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ti lè yanjú ni iwájú ilé. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ sórí máàpù kí ẹ tó fi ọkọ̀ sí jíà, kí ẹ sì tan ohùn rẹ̀ kó máa júwe fún etí, kí ojú lè sinmi. Ẹ yan orin. Ẹ fi ilé iṣẹ́ rédíò tí ẹ máa ń gbọ́ pamọ́ sórí nọ́ńbà, kí ó jẹ́ pé títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni (bẹ́ẹ̀ ni, rédíò náà wà nínú ohun tó lè gba ojú awakọ̀). Bọ́tìnnì tó wà lára sítíárìn, tó ń gbé ohùn sókè, tó ń gbé ìpè, tó ń gé e, ni kí ẹ kọ́ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n láìwò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gun ọkọ̀ kan láti ọdún mẹ́ta láìmọ ohun tí ìdajì àwọn bọ́tìnnì yẹn ń ṣe.

Bí ẹnìkan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún un. Dírẹ́bà dánfó tó mọ iṣẹ́ kì í ka owó nígbà tó ń wakọ̀, kọ̀ndọ́ ló ń kà á. Ẹni tó jókòó síwájú ni kọ̀ndọ́ yín: òun ni kó gbé ìpè, kó wo máàpù, kó yí orin.

Tó bá di dandan kí ẹ dúró, ẹ wá ilé epo tàbí ibi tó gba ọkọ̀. Etí ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbé ìpè. Tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já kì í béèrè bóyá ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ti tan iná pàjáwìrì.

Ẹni tó ń pè náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀

Láàárín Yorùbá, ìpè kì í ṣe ìpè lásán. Bí bàbá ìyàwó bá pè, tí fóònù dún títí tí kò sẹ́ni tó gbé e, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹni tó ń pè ò gbé e, ó lè di ẹjọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Awakọ̀ mọ gbogbo èyí, ìdí nìyẹn tí ìka rẹ̀ fi máa ń yá sí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé yẹn. Kì í ṣe àìgbọ́n ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìtìjú àti ọ̀wọ̀ ni.

Fóònù fúnra rẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ ìtìjú yìí díẹ̀. Lórí iPhone, ètò kan wà lábẹ́ Focus tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Driving. Ó lè dá èsì padà fún ẹni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹ ń wakọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní Do Not Disturb tó lè tan fúnra rẹ̀ nígbà tó bá mọ̀ pé ẹ wà nínú ọkọ̀ tó ń rìn. Ẹ kọ èsì náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ẹ ò mọ ẹni tó máa kà á: "Ẹ jọ̀ọ́, mo wà nídìí ọkọ̀. Mo máa pè yín tí mo bá ti dúró." Kò sí àgbàlagbà tó máa bínú sí ìyẹn.

Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pè. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú "Báwo ni ilé?" ni "Ṣé ìwọ lò ń wakọ̀?" Bí ọmọ bá dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ọ̀nà Ifẹ̀ ni mo wà," ohun tó kù fún bàbá láti sọ ò ju "Ó dáa, pè mí tó o bá débi" lọ. Kí ó sì gé e lóòótọ́. Àwọn kan á béèrè, wọ́n á gbọ́ èsì, wọ́n á wá ní "Mi ò ní pẹ́," lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi ogún ìṣẹ́jú ṣe àlàyé ìsìnkú.

Àwọn tó ń fi Bolt àti Uber ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nira fún jù, nítorí pé orí fóònù ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Iṣẹ́ tuntun ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, bí wọn ò bá sì tètè gbà á, á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí tó tún burú ni àwọn èrò tó ń pè lẹ́ẹ̀mẹrin pé "Ẹ ti dé ibo?" nígbà tí máàpù tó wà lọ́wọ́ wọn ń fi ọkọ̀ náà hàn wọ́n. Ẹ fi dírẹ́bà sílẹ̀ kó débi. Kí dírẹ́bà náà sì fi fóònù rẹ̀ sórí ohun ìgbéfóònù tó dúró dáadáa, lẹ́bàá ojú ọ̀nà àmọ́ kó má dí gíláàsì iwájú. Orí itan kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

Ní ti òfin, ìlànà ìrìnnà ojú pópó Nàìjíríà tọdún 2012 ka lílo fóònù nídìí sítíárìn sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń wakọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó tún ṣọ́ra jù, nítorí pé láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2022 ni òfin ibẹ̀ ti le sí i. Kì í ṣe ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan mọ́: ẹni tó bá di fóònù mọ́wọ́ láti ya fọ́tò tàbí wá orin, kódà nígbà tó dúró níwájú iná pupa, lè san £200, kí wọ́n sì fi àmì 6 sára ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba ìwé ìwakọ̀ níbẹ̀ máa pàdánù rẹ̀ pátápátá pẹ̀lú àmì 6 yẹn. Wọ́n fàyè gba Bluetooth, àmọ́ bí ọlọ́pàá bá rí i pé awakọ̀ kò kápá ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ṣì lè fi ẹ̀sùn kàn án.

Àwọn ẹ̀rọ ìrọ̀rùn yòókù

Cruise control, tó ń di eré ọkọ̀ mú kí ẹsẹ̀ lè sinmi, dára lójú ọ̀nà tó gbẹ tó sì ṣófo. Ẹ má lò ó nínú òjò. Bí táyà bá gun omi, ó lè léfòó, ohun tó sì yẹ nígbà náà ni kí eré rọlẹ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ yẹn lè máa gbìyànjú láti mú eré dúró síbi tó wà. Èyí tó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ kó má yà kúrò lójú ìlà rẹ̀ náà ní àléébù tirẹ̀ níbí: ìlà funfun ni kámẹ́rà rẹ̀ ń wá, ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa sì wà tí ìlà ti parẹ́ tàbí tí kò sí níbẹ̀ rí.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn kò rọ́pò ọrùn. Ẹrẹ̀ òjò kan lè bò ó, kì í sì í fi ọmọ tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ hàn lásìkò. Nínú àgbàlá tí ọmọ pọ̀ sí, ẹ yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó wọlé sínú rẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì tan ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò rò sí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè wà lórí iṣẹ́ láìpariwo, kí ẹni tó ni ín mú kọ́kọ́rọ́ sápò wọlé lọ. Lọ́dún 2018, ìwé ìròyìn New York Times ka èèyàn tó tó 28 tí èéfín olóró carbon monoxide ti pa lọ́nà báyìí ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2006, torí pé ọkọ̀ wà nínú gáréèjì tó so mọ́ ilé. Èéfín yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Nítorí náà, ẹ má ṣe sùn nínú ọkọ̀ tó wà ní títàn nítorí AC, pàápàá níbi tí ògiri yí ká, ẹ sì rí i dájú pé iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti kú kí ẹ tó kúrò nídìí ọkọ̀.

Ti ilẹ̀kùn ló dunni jù. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n bá òkú ọmọ mẹ́jọ nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n pa tì ládùúgbò Jah-Michael, lọ́nà Àgbádárìgì. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé àwọn ọmọ náà ń ṣeré ni, wọ́n wọnú ọkọ̀ náà, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ wọn. Ọmọ mẹ́jọ.

Lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fara pamọ́ tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ọmọdé. Bí ó bá ti wà ní títàn, ilẹ̀kùn náà kò ní ṣí láti inú mọ́, àfi láti ìta. Ó wúlò lórí eré, kí ọmọ má bàa ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó dúró sójú kan, ẹ̀wọ̀n ni. Oòrùn tiwa sì wà níbẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì lè fi nǹkan bíi 11 lórí òdiwọ̀n Celsius lọ sókè. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé bí wọ́n bá há sínú ọkọ̀, kí wọ́n gun iwájú wá, kí wọ́n gbìyànjú ilẹ̀kùn iwájú, kí wọ́n sì tẹ họ́ọ̀nù láìdáwọ́ dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, họ́ọ̀nù ń dún láìtan ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n pa tì kì í ní bátìrì mọ́, họ́ọ̀nù rẹ̀ ò ní dún, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ni ín ló wà: bí ọkọ̀ bá ti kú sí àgbàlá, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tàbí kí mẹkáníìkì yọ ohun tó ń tì í kúrò pátápátá. Àdúgbò náà lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ kalẹ̀.

Bọ́tìnnì SOS

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ní bọ́tìnnì pupa lókè, nítòsí dígí, tí wọ́n kọ SOS tàbí OnStar sí. Nílẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2018 ni wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ sínú àwọn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ pe 112, á sọ ibi tó wà. Àwọn tó ń ra irú ọkọ̀ yìí níbí máa ń fi bọ́tìnnì náà ṣe fáàrí. Ẹ má gbọ́kàn lé e. Ìlà fóònù tó wà nínú ọkọ̀ náà àti àwọn tó yẹ kó dáhùn, ti ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á sí ni, bó bá sì jẹ́ èyí tó ń gba owó, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ń san án.

Ẹni náà tilẹ̀ lè ṣì wà nínú síkírínì. Àwọn tó ra tòkunbọ̀ máa ń bá orúkọ àwọn ẹbí onílé àtijọ́ níbẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ á sì wà lórí máàpù. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ta ọkọ̀ yín, tàbí tí ẹ bá ti so fóònù mọ́ ọkọ̀ tí ẹ háyà, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ yọ fóònù yín kúrò, kí ẹ sì pa gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ní Nàìjíríà ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò sì ni 112. Ẹ fi wọ́n sínú fóònù, kí ẹ sì tún kọ wọ́n sórí ìwé pélébé kan nínú ọkọ̀, torí ẹni tó máa pè lè jẹ́ èrò ẹ̀yìn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù yín. Ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni ibi tí ọkọ̀ wà. Kó máa fiyè sí orúkọ ìlú tàbí ilé epo tí ẹ kọjá kẹ́yìn.